Mo yá mílíọ̀nù kan lọ́wọ́ alájẹṣẹ́kù, mo fi ra ṣíà

Nínú owó oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni wọ́n ti yọ ₦56,000 tó kẹ́yìn. Gbèsè tán. Mo wá lè sọ bí ẹ̀yáwó alájẹṣẹ́kù ti rí fún ẹni tó bá fẹ́ fi ra ṣíà tó ń pín èrè. Olùkọ́ ìṣirò ni mí n'Íbàdàn, ẹ jẹ́ kí n ka owó náà fún yín bó ṣe wọlé àti bó ṣe jáde.

Ẹ̀ẹ̀mejì owó tí èèyàn bá ní nílẹ̀ ni alájẹṣẹ́kù àwa olùkọ́ ń yáni. Mo ní ₦500,000, wọ́n yá mi ní ₦1,000,000 ní oṣù kẹta ọdún 2024. Èlé rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ ₦120,000, oṣù 20 ni mo fi san án, kí owó oṣù sì tó kàn mí lọ́wọ́ ni wọ́n ti ń yọ tiwọn. Fọ́ọ̀mù ₦2,000, onídùúró méjì, ọ̀sẹ̀ méjì, owó dé. Ibi tí wọ́n ti bèèrè ohun tí mo fẹ́ fi owó ṣe, mo kọ "ríra ṣíà" síbẹ̀. Akọ̀wé wò mí tìyanu-tìyanu. "Ìyá Tóbi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ òrùlé ilé, kí ìgbìmọ̀ má baà dààmú yín." Mi ò kọ òrùlé. Wọ́n fọwọ́ sí i náà.

Mi ò bá akọ̀wé jà, torí mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Bàbá mi yá owó ra ṣíà ní 2007. Báńkì kan ló yá wọn, ṣíà yẹn kan náà ni báńkì sì dì mú gẹ́gẹ́ bí ohun ìdógò. Ní oṣù kẹta ọdún 2008, atọ́ka ọjà ìpín Nàìjíríà, nọ́ńbà tó ń fi hàn bóyá owó ṣíà lápapọ̀ ń gòkè tàbí ó ń já, lé ní 66,000. Kí ọdún tó yípo, ó ti já wálẹ̀ dé nǹkan bíi 20,000. Bí ọjà ti ń já ni báńkì ń ta ṣíà náà láti gba owó rẹ̀, ó tà á tán, gbèsè ṣì kù sílẹ̀. Ilẹ̀ tí bàbá mi ní ní Mọ́níyà ni wọ́n tà dí i. Títí di òní, tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ọjà ìpín lórí rédíò, wọ́n á ní ká yí i síbòmíràn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú ẹ̀yáwó alájẹṣẹ́kù nìyẹn: ṣíà mi kò sí lọ́wọ́ wọn. Bó gòkè, bó já, iṣẹ́ mi ni wọ́n ń wò.

Mo gba ọ́fíìsì alágbàtà kan lọ ní Dùgbẹ̀. Mo ra 26,000 ṣíà Zenith Bank ní ₦37.50, ₦975,000 nìyẹn, àwọn owó iṣẹ́ wọn ló jẹ púpọ̀ nínú ìyókù. Áàpù tí wọ́n fún mi kì í ṣí ní ọjọ́ tí ọjà bá gbóná, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni èèyàn fẹ́ wò ó. Ní ọjọ́ 28 oṣù kan náà ni Báńkì Àpapọ̀ kéde pé báńkì tó bá fẹ́ máa ṣòwò dé òkè òkun gbọ́dọ̀ ní owó ìdókòwò ₦500 bílíọ̀nù. Ṣíà báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í já. Láàárín oṣù kan, lórí ìwé, ohun tó lé ní ₦100,000 ti lọ nínú owó mi, wọn ò sì tíì yọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú owó oṣù mi. Mi ò sọ fún bàbá mi.

Èrè àkọ́kọ́ jẹ́ ₦3.50 lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ènìyàn gbà tiwọn ní oṣù karùn-ún, tèmi kò wọlé. Orúkọ ilé bàbá mi ló wà lọ́dọ̀ rẹjísítírà, àwọn tó ń tọ́jú ìwé orúkọ onípìn-ín, orúkọ ọkọ mi ló wà ní báńkì. Mo kọ lẹ́tà, mo gba òǹtẹ̀ báńkì sórí fọ́ọ̀mù, mo fi ìwé ìgbéyàwó kún un, wọ́n ní àwòrán rẹ̀ kò mọ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méje! Tí n bá máa fún wọn ní máàkì, 2 nínú 10, torí ọ̀dọ́bìnrin tó gbé fóònù ní sùúrù ni mo ṣe fún wọn ní méjì yẹn. Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ ti lọ́kọ, ẹ tún orúkọ yín ṣe kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun.

Èrè mìíràn tún dé lẹ́yìn ìyẹn: ₦1.00, ₦4.00, ₦1.25. Ìjọba ń yọ náírà kan nínú mẹ́wàá. Ohun tó wọ ọwọ́ mi gan-an ní oṣù 20 jẹ́ ₦228,150. Tí ẹ bá yọ èlé ₦120,000 kúrò, ó ku ₦108,150. Mo mọ̀ pé owó oṣù mi ló san ojú owó, kì í ṣe èrè ṣíà; ọdún méjì ni a fi jẹ ẹran wẹ́wẹ́ nílé wa. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ṣíà á san gbèsè ara rẹ̀.

Ká ní báńkì ni mo lọ ńkọ́? Oṣù tí mo yáwó yẹn ni Báńkì Àpapọ̀ gbé ìwọ̀n èlé tirẹ̀ dé 24.75%. Tí báńkì bá gba 30% lọ́dún lórí gbèsè tó ń dín kù lóṣooṣù, èlé á jẹ́ ₦262,500, mà á sì ti pàdánù. Ti àwọn áàpù sógún-dogójì, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ ọ́.

Ó sì ní ohun kan tó dùn mí. Ní ọdún 2024, Zenith ní kí onípìn-ín ra ṣíà tuntun kan lórí mẹ́fà tó ní, ní ₦36. Tèmi á jẹ́ 4,333, bíi ₦156,000. Níbo ni n ó ti rí i? Alájẹṣẹ́kù kì í yáni lé gbèsè. Mo wò ó títí ó fi kọjá.

Mi ò tíì ta ọ̀kankan. Lẹ́yìn tí gbèsè tán, akọ̀wé mú fọ́ọ̀mù tuntun wá bá mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Èlé ti di ₦150,000 lórí mílíọ̀nù kan. Mo gbé bírò. Ṣíà náà ti lé ní ₦60 nígbà náà. Mílíọ̀nù kan kò ní rà ju nǹkan bíi 16,000 lọ, èrè ₦5.25 tí wọ́n san lọ́dún 2025 lórí ìyẹn, lẹ́yìn owó ìjọba, jẹ́ ₦75,600. Mo dá fọ́ọ̀mù padà fún un.