Ginkgo, Fúrúùtù, Masquerade àbí Máńgòrò: Èwo Ni Kí Ẹ Rà Sínú Ọgbà Ilé Yín l'Ógbòmọ̀ṣọ́?

Àwọn tó ń kọ́lé tuntun l'Ógbòmọ̀ṣọ́ kò fẹ́ kí iwájú ilé jẹ́ kìkì kọnkéré mọ́; wọ́n fẹ́ igi. Bí àwọn ọmọ tó wà lókè òkun bá wá fi fọ́tò ginkgo ránṣẹ́, tí gbogbo ewé rẹ̀ ti di àwọ̀ ìyeyè, ohun tí àwọn òbí máa ń béèrè ni ibi tí wọ́n ti lè rí i rà. Kí ẹ tó náwó, ẹ jẹ́ ká gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi mẹ́ta tó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó nílé níbí.

Ilẹ̀ Ṣáínà ni ginkgo ti wá, igi akíkanjú sì ni. Ní Hiroshima, lórílẹ̀-èdè Japan, àwọn kan wà tí bọ́ǹbù ọdún 1945 jó, tí wọ́n tún rúwé, tí wọ́n sì wà láàyè dòní. Kòkòrò kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ń fara da òtútù tó lọ sí ìwọ̀n 30 Celsius nísàlẹ̀ òdo. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ fún wa, nítorí pé igi yìí ní láti fi oṣù mélòó kan sùn nínú òtútù lọ́dọọdún kó tó lè rúwé tuntun dáadáa. Ọyẹ́ tiwa ń mú lóòótọ́ lóru àti ní ìdájí, àmọ́ kí agogo mẹ́wàá tó lù, oòrùn ti gba ojú ọ̀run. Èyí tí ẹ bá gbìn síbí lè hù, ṣùgbọ́n kò ní ga bó ṣe yẹ, ẹ kò sì ní rí àwọ̀ tí ẹ torí rẹ̀ rà á.

Nílé rẹ̀ pàápàá, kì í yára dàgbà. Èyí tí wọ́n fi kóró gbìn lè lò tó 20 ọdún kó tó so, ìgbà yẹn lẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo. Èso abo tó bá já sílẹ̀ máa ń rùn bí èébì. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé ọmọ yín tó nílé sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Kánádà ló fẹ́ gbìn ín, akọ tó jẹ́ grafted, ìyẹn èyí tí wọ́n lẹ ẹ̀ka igi kan mọ́ ìdí òmíràn, ni kó béèrè. Ẹ má sì jẹ́ kó di kóró tàbí igi kékeré mọ́ ẹrù wá sílé láìgba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ NAQS, àjọ ìjọba tó ń ṣàyẹ̀wò ohun ọ̀gbìn tó ń wọ Nàìjíríà.

Àwọn mìíràn ń wá a nítorí oògùn ìrántí. Ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà, lára àgbàlagbà tó lé ní 3,000, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2008, fi hàn pé kò dènà àrùn ìgbàgbé. Kóró rẹ̀ ní májèlé nínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sí àgbo.

Bó bá jẹ́ àwọ̀ ewé lẹ ń fẹ́, fúrúùtù ni kí ẹ rà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé rẹ̀ ńláńlá á pọ́n ròdòròdò kó tó wọ́, ẹ̀ka rẹ̀ á sì nà ní ìpele ìpele. Ó ń ṣíji, àwọn ọmọdé ń jẹ èso rẹ̀, wọ́n sì ń fi òkúta fọ́ ekuro inú rẹ̀. Gbígbá ewé ni wàhálà rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ sì lè gbé interlock sókè. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ṣọ́kàwéè.

Igi masquerade wà fún ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kéré. Ó ń ga lọ sókè tóóró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, kì í sì wọ́wé tán lẹ́ẹ̀kan. Kò ní ibòòji tí èèyàn lè gbé àga sí, kò sì ní èso tí à ń jẹ.

Máńgòrò ni èmi fúnra mi yàn fún ẹni tó bá ní àyè. Orúkọ Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára irú máńgòrò kan tí wọ́n mọ̀ káàkiri Nàìjíríà, ẹ̀yin ha lè ní ilẹ̀ níbí kí ẹ má gbin ọ̀kan? Èyí tó jẹ́ grafted lè so láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Èyí tí wọ́n fi kóró gbìn máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹnu ẹni tó ń tà á nìkan ṣe ẹ̀rí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ìdí rẹ̀: ẹ ó rí àpá níbi tí igi méjì ti pàdé, èèpo òkè àti ti ìsàlẹ̀ kì í sì sábà rí bákan náà. Bí kò bá sí àpá rárá, kóró ni wọ́n fi gbìn ín, owó kóró sì ni kí ẹ san. Ẹ tún gbé náílọ́ọ̀nù rẹ̀ sókè. Bí gbòǹgbò bá ti yọ nísàlẹ̀, tó ti ń lọ́ mọ́ra, ẹ mú òmíràn. Ẹni tó bá lè dé Ìbàdàn lè béèrè ní NIHORT, ilé ìwádìí ìjọba lórí èso àti ewébẹ̀.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ dúró kí òjò fìdí múlẹ̀ kí ẹ tó gbìn ín. Ẹ fún máńgòrò ní bíi mítà mẹ́jọ sí ara ilé. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa ni kí ẹ pò mọ́ iyẹ̀pẹ̀, nítorí tútù rẹ̀ máa ń jó gbòǹgbò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, ẹ máa bomi rin ín ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì máa yẹ ìdí rẹ̀ wò déédéé nítorí ikán.