Darktable ni mo fi ṣa fọ́tò Ojúde Ọba

Ọjọ́ kẹta Iléyá kì í ṣe ọjọ́ eré fún àwa tí à ń ya fọ́tò ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí mo délé láti Ojúde Ọba tó kọjá, fọ́tò 1,400 ló wà nínú káàdì mi, raw sì ni gbogbo wọn, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe rárá. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán lọ́jọ́ kejì tí akọ̀wé régberégbe kan ti pè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, fọ́tò tiwa ńkọ́?"

Sọ́fútíwíà tí mò ń lò tẹ́lẹ̀, dọ́là ni wọ́n ń gbà lóṣooṣù. Báńkì kò jẹ́ kí owó náà kọjá, n kò sì mọ̀ àfi ìgbà tí mo ṣí i lálẹ́ ọjọ́ yẹn tó kọ̀ fún mi láti tún ohunkóhun ṣe. Ó dùn mí gan-an. Ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ darktable nìyẹn, sọ́fútíwíà tí wọ́n fi ń ṣa fọ́tò tí wọ́n sì fi ń tún un ṣe. Ọ̀fẹ́ ni, ó ti wà láti 2009, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux, kò sì béèrè íntánẹ́ẹ̀tì kó tó ṣí.

Ṣíṣà ló kọ́kọ́ wù mí níbẹ̀. Mo tẹ 1 dé 5 láti fún fọ́tò ní ìràwọ̀, mo tẹ R láti kọ èyí tí kò dáa: ẹni tó dijú, ẹṣin tí orí rẹ̀ ti jáde kúrò nínú àwòrán. Kí wọ́n tó mú iná lọ, 1,400 ti di 310.

Bàbá kan wà tó wọ agbádá funfun, oòrùn ọ̀sán sì kọlù ú tààrà. Nínú JPEG, ìyẹn fọ́tò tí kámẹ́rà ti tún ṣe fúnra rẹ̀ láti fi hàn mí, àyà agbádá náà ti funfun báláú, bí ìgbà tí wọ́n da ẹfun sí i. Mo ṣí raw rẹ̀, mo fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ni iṣẹ́ ọrùn agbádá bá ń jáde, òwú funfun lórí aṣọ funfun, títí tí mo fi rí ojú abẹ́rẹ́. Mo wá gbé ìmọ́lẹ̀ ojú bàbá tó ṣókùnkùn lábẹ́ fìlà sókè, ó mọ́, kò sì bàjẹ́. Raw bíìtì 14 ní ìpele ìmọ́lẹ̀ 16,384 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. 256 péré ni ti JPEG. Mo da àtúnṣe náà kọ, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ fọ́tò ogójì tó kù nínú oòrùn kan náà.

Kò rọrùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ o. Irinṣẹ́ inú rẹ̀ pọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi kọ́ ọ. Fọ́tò á tún ṣú sí yín lójú níbẹ̀rẹ̀, torí JPEG tí kámẹ́rà ti sè jinná ni ẹ ń rí lẹ́yìn kámẹ́rà. Tútù ni raw. Ẹni tó kàn fẹ́ yẹ raw wò kíákíá kó sì ṣà á lè ra sọ́fútíwíà mìíràn tó ń jẹ́ FastRawViewer.

Darktable kì í fọwọ́ kan raw yín rárá. Inú fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ .xmp ló ń kọ àtúnṣe sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò. Tí ẹ bá ń kó fọ́tò lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ má fi .xmp sílẹ̀, torí inú rẹ̀ ni iṣẹ́ yín wà.