Ìbọn ìléwọ́ mi tí kò fẹ́ tu èèpo ọta: àgbéyẹ̀wò lẹ́yìn oṣù 14

Ọmọ ọdẹ ni mí. Ṣakabùlà ni bàbá mi ń lò. Ẹnu ìbọn ni wọ́n ti ń ki etù sí i, kò sì sí èèpo kankan, ìyẹn ìkarahun idẹ tó ń ṣẹ́kù lára ọta, tó máa tu lẹ́yìn tó bá dún. Nígbà tí mo ra ìbọn ìléwọ́ 9mm kékeré yìí ní Houston, mo rò pé mo mọ ìbọn. N kò mọ irú èyí.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ dáadáa rẹ̀. Ó fúyẹ́, ó bá ọwọ́ mi mu, ibi tí mo bá sì wò ni ọta ń lọ. Owó rẹ̀ kò tó 450 dọ́là. Ìyàwó mi kò fẹ́ràn bí slide rẹ̀, irin orí ìbọn tó ń lọ tó ń bọ̀ yẹn, ṣe le láti fà, ó sì jàre: sípíríǹgì líle ló sábà máa ń wà nínú ìbọn kúkurú.

Ìgbà kẹta tí mo gbé e lọ sí pápá ìyìnbọn ni wàhálà dé. Ó dún, mo tún tẹ̀ ẹ́, kò dún mọ́. Mo wò ó: èèpo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dún dúró ṣánṣán sójú ihò ẹ̀gbẹ́ slide, slide sì ti fún un mọ́bẹ̀. Stovepipe ni wọ́n ń pè é níbí, torí pé ó jọ páìpù èéfín orí ààrò. Nínú ọta 100, ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ìbọn tí mo fẹ́ fi sílé nítorí olè! Ọkàn mi kò balẹ̀ rárá lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Agbára ọta tó dún ló ń ti slide sẹ́yìn. Ìkọ́ kékeré kan lára slide, extractor, ló ń di etí èèpo mú tó ń fà á kúrò nínú ihò ọta. Bí wọ́n ti ń lọ sẹ́yìn, ìdí èèpo á kọ lu irin kékeré kan tí kì í kúrò lójú kan, ejector, òun ló ń ta á síta. Bí èèpo bá kù sínú ihò ọta gan-an, ìkọ́ yẹn tàbí ihò tó dọ̀tí ni kí ẹ fura sí. Bó bá ti jáde kó tó há, bíi tèmi, ó sábà máa ń jẹ́ pé slide kò lọ sẹ́yìn tó, tàbí pé ìkọ́ kò dì í mú gírígírí.

Ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí a jọ máa ń pàdé níbẹ̀, wo ọwọ́ mi. “Àbúrò, ọrùn ọwọ́ rẹ rọ̀ jù. Tí ọwọ́ rẹ bá ń bá ìbọn lọ sẹ́yìn, kí ni slide máa fara tì?” Òótọ́ ni wọ́n sọ, àtàǹpàkò mi tún ń kan slide. Mo tún ọwọ́ mi ṣe, ó dín kù sí mẹ́rin. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n yin 50, ẹyọ kan há mọ́ àwọn náà lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ẹ̀bi ọwọ́ nìkan kọ́.

Mo wá wo ọta. Láti 1902 tí Georg Luger ti gbé ọta 9mm jáde ní Jámánì, oríṣi rẹ̀ ti pọ̀, agbára wọn kò sì dọ́gba. 115 grain (grain ni wọ́n fi ń wọn ìwúwo orí ọta) tó pọ́ọ́kú jù ni mo ń rà. Mo bọ́ sí 124 grain tó lágbára díẹ̀, tí ìwé ìbọn náà fọwọ́ sí. Èèpo tó ń já bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ sápá ọ̀tún, ó tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ẹyọ kan péré ló há nínú 100. Mo fi nọ́ńbà sára magasíìnì méjèèjì, àpótí kékeré tí ọta ń wà nínú rẹ̀, kí n lè mọ̀ bóyá ọ̀kan ló ń dá a sílẹ̀, kò sí ìyàtọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń yí lẹ́ẹ̀kan, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹyọ kan tó kù yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Mo yọ magasíìnì, mo fa slide, mo wo ihò ọta, mo tún fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò, mo kó gbogbo ọta kúrò nínú yàrá. Mo tú u, mo fi igi ìtayín ha abẹ́ ìkọ́ náà. Èérí dúdú ló ń jáde: èéfín etù, epo tó ti dì, eérún idẹ. Èmi ni mo fà á. Mo ti ń da epo síbẹ̀, mo rò pé ó ń ràn án lọ́wọ́, èérí ló ń bá mi kó jọ. Ẹ̀kán kan síbi tí irin ti ń fara kan irin ti tó, kí abẹ́ ìkọ́ gbẹ.

Ìwé tó bá ìbọn náà wá kò sọ ọ̀rọ̀ kan nípa abẹ́ ìkọ́ yìí, ó sì dùn mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí ilé iṣẹ́ tó ṣe é tó dá mi lóhùn, sípíríǹgì tuntun ni wọ́n sì fi ránṣẹ́. N kò tíì lò ó.

Láti ìgbà tí mo ti nù ún, mo ti yin 420, ẹyọ kan kò há. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Lọ́wọ́ ìyàwó mi, méjì ṣì há nínú 60. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá le, n kò ní ní kó ra èyí. Ìbọn tó tóbi díẹ̀, tí sípíríǹgì rẹ̀ rọ̀, ló máa bá a mu. Tìyàwó mi la máa wá lọ ní Sátidé, ẹ̀gbọ́n sì ti ní àwọn á bá wa dé ṣọ́ọ̀bù.