Hibernate 6: irinṣẹ́ tó dára, àmọ́ ẹ mọ ipò tí entity yín wà

Mo fún Hibernate 6, irinṣẹ́ Java tó ń fi object pamọ́ sínú tébù dátábéèsì, ní ìràwọ̀ 4 nínú 5. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bú u pé kì í fi dátà pamọ́ ni kò tíì mọ ipò tí entity wọn (object tó dúró fún ìlà kan nínú tébù) wà. Transient ni èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí Session (ohun tí Hibernate fi ń bá dátábéèsì ṣiṣẹ́) kò mọ̀. Managed ni èyí tí Session ń ṣọ́. Detached ni èyí tí a ti pa Session rẹ̀ dé. Removed ń dúró de DELETE ni.

Bí ẹ bá rí àṣìṣe “detached entity passed to persist” (persist ni àṣẹ tó ń fi entity tuntun pamọ́), ẹ kọ́kọ́ wo id. Ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹ ti fi @GeneratedValue sí i, kí id lè máa wá fúnra rẹ̀, kóòdù yín sì tún ń pe setId. Hibernate bá gbà pé ó ti wà nínú tébù tẹ́lẹ̀. Ẹ yọ setId kúrò. Bó bá jẹ́ inú dátábéèsì ni object náà ti wá lóòótọ́, merge ni kí ẹ lò, kí ẹ sì gba ohun tó dá padà: order = em.merge(order) (em ni EntityManager, Session náà ni). Èyí tí ẹ fún un ṣì wà ní detached, àtúnṣe tí ẹ bá ṣe sí i lẹ́yìn náà kò ní dé tébù.

TransientObjectException ní tirẹ̀ ń sọ pé Order ń tọ́ka sí Customer tí a kò tíì fi pamọ́. Ẹ persist Customer ṣáájú, tàbí kí ẹ lo CascadeType.PERSIST, tó ń fi Customer pamọ́ pẹ̀lú Order. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi CascadeType.ALL sórí @ManyToOne (Order púpọ̀ sí Customer kan): REMOVE wà nínú rẹ̀, bí ẹ bá pa Order kan rẹ́, á fẹ́ pa Customer rẹ́ mọ́ ọn.

Èyí tó burú jù ni èyí tí kì í pariwo, òun ló gba ìràwọ̀ kan lọ́wọ́ wọn. Ká ní items tó wà nínú Order jẹ́ mappedBy="order" (ìyẹn ni pé apá item ló ń ṣọ́ ìsopọ̀ náà), tó sì ní cascade. Ẹ pe order.getItems().add(item), ẹ commit, gbogbo rẹ̀ lọ geerege. Ẹ wá ṣí tébù: item wà níbẹ̀, order_id rẹ̀ jẹ́ NULL. Apá tó ní @JoinColumn nìkan ni Hibernate ń wò láti kọ order_id. Ẹ kọ addItem kan tó ń ṣe add àti item.setOrder(this) pọ̀, kí ẹ sì fi nullable=false sí @JoinColumn, kí àṣìṣe náà lè yọjú kíákíá.

Fún àyẹ̀wò, show_sql, tó ń tẹ SQL jáde, kò tó, àmì ìbéèrè ló ń fi hàn dípò iye. Ẹ fi org.hibernate.SQL sí DEBUG, kí ẹ fi org.hibernate.orm.jdbc.bind sí TRACE. Orúkọ ti ẹ̀yà 5 yàtọ̀, ìdí nìyẹn tí ètò log àtijọ́ fi ń dákẹ́ lẹ́yìn ìgbéga. Bí Session bá sì ti ju exception, ẹ rollback, kí ẹ pa á dé, kí ẹ ṣí tuntun. Ẹ má tún un lò.

Fún ẹni tó ń kó ọ̀pọ̀ ìlà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, GenerationType.IDENTITY (dátábéèsì ló ń fún ìlà ní id nígbà tó bá wọlé) kò ní jẹ́ kí batch insert, ìyẹn kíkó ọ̀pọ̀ INSERT ránṣẹ́ pọ̀, ṣiṣẹ́. Lórí PostgreSQL, SEQUENCE ni kí ẹ lò.