Áàpù máàpù ọdẹ tó rán mi wọ oko olóko ní Nebraska

Mi ò ní dárúkọ áàpù yìí, torí ọ̀rọ̀ èmi àti àwọn tó ni ín ò tíì parí. Ẹni tó bá ń ṣọdẹ ní Amẹ́ríkà mọ irú rẹ̀: máàpù orí fóònù tó ń kun ilẹ̀ ìjọba ní àwọ̀ kan, tó ń kun ilẹ̀ onílẹ̀ ní àwọ̀ mìíràn, tó sì ń kọ orúkọ ẹni tó nilẹ̀ sí i láàárín. Bí a ṣe ń gbé e sórí fóònù àti iye tó ń gbà lọ́dún, àwọn ẹlòmíràn ti kọ ìyẹn. Èmi fẹ́ rojọ́ ni.

Aurora ní Colorado ni mò ń gbé. Tí ìgbà ìrúwé bá dé, mo máa ń gba Sidney àti Alliance gòkè lọ sí Chadron ní Nebraska, níbi tí òkè àti igi páìnì Pine Ridge wà. Tòlótòló ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Merriam's, ṣóńṣó ìyẹ́ ìrù rẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ẹyẹ náà kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀, ọdún 1959 ni wọ́n kó o wá tú sílẹ̀. (Kì í ṣe tòlótòló inú yìnyín tó ń gba Kùtọnu wọ Èkó o. Eléyìí ń fò, ó ń sùn lórí igi, bí o bá sì ṣẹ́jú, ó ti rí ọ.)

Wàhálà ibẹ̀ ni ilẹ̀. Nínú gbogbo ilẹ̀ Nebraska, bí ìdá 97 nínú 100 ló jẹ́ ilẹ̀ onílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi ń san owó fún àwọn àgbẹ̀ kan kí ọdẹ lè fẹsẹ̀ rìn wọ oko wọn láìkan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Open Fields and Waters ni wọ́n ń pe ètò náà, ilẹ̀ ìrìnwọlé ni èmi ń pe irú oko bẹ́ẹ̀, ó sì dára gan-an. Àmọ́ àdéhùn ni. Oko tó wà níbẹ̀ lónìí lè jáde lọ́dún tó ń bọ̀. Fún àwa àlejò láti ìpínlẹ̀ mìíràn, tí ìwé àṣẹ wa wọ́n ju ti ọmọ ìlú lọ, tí wọ́n sì ti fi iye ìwé tí wọ́n ń tà fún wa mọ sí 10,000 láti ọdún 2023, kí ni a ń sanwó áàpù fún bí kò bá lè sọ èyí tó ti jáde fún wa?

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo páàkì mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà eléruku kan. Àwọ̀ ilẹ̀ ìrìnwọlé ló wà lójú fóònù, ó hàn kedere. Mo wọlé. Akọ méjì ń dún lórí igi létí odò kékeré kan. Mo fẹ̀yìn ti igi, mo rọra ha àpótí onígi tí mo fi ń pe ẹyẹ, ohùn abo jáde, wọ́n sì dáhùn. Wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń bọ̀. Ẹ gbọ́ o, wọ́n ń bọ̀!

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì. Píkọ́ọ̀pù kan gba àárín koríko wá tààrà sọ́dọ̀ mi. Ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń wọ ilẹ̀ ìrìnwọlé. Ta ló ń wa mọ́tò níbẹ̀ bí kò bá ṣe ẹni tó nilẹ̀? Òfin Nebraska ò sì ní kí onílẹ̀ ri pátákó kankan mọ́lẹ̀. Bí kò bá ti fún ọ láyè láti ṣọdẹ, o ti jẹ̀bi. Èmi ọkùnrin dúdú, aṣọ igbó lọ́rùn, ìbòjú lójú, ìbọn lọ́wọ́, nínú oko ẹni tí mi ò rí rí. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Mo yọ ọta, mo tẹ́ ìbọn sórí koríko, mo ká ìbòjú, mo na ọwọ́ méjèèjì sókè kí bàbá náà tó sọ̀ kalẹ̀.

"Ta ló ní kí o wọbí?"

"Ẹ káàárọ̀, sà. Máàpù ló ní ilẹ̀ ìrìnwọlé ni."

"A ti yọ ọ́ kúrò níbẹ̀."

Mo bi í bóyá mo lè mú fóònù jáde. Ó ní kí n mú un. Ó wo àwọ̀ náà, ó wo orúkọ tó wà láàárín rẹ̀, kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀.

"Bàbá mi nìyẹn," ló wí. "A ti sin ín."

Mo kí i kú ara fẹ́ra kù, bí Gẹ̀ẹ́sì mi ṣe lè gbé e. Ojú rẹ̀ rọ̀. Ó bi mí níbi tí mo ti wá, mo ní Aurora. Ó ní ṣáájú Aurora ńkọ́? Mo ní Ìsẹ́yìn. Ó bi mí bóyá àwọn ará ibẹ̀ náà ń ṣọdẹ. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Kò gbà kí n dúró o, ó ní àwọn màlúù òun ń bímọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó nawọ́ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan níwájú, ó ní igbó ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn ẹyẹ náà ń lọ sùn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ báyìí. Inú igbó yẹn, níbi tí àwọn igi tí iná 2012 jó ṣì dúró ní dúdú, tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kankan ò sí, áàpù yìí ṣiṣẹ́ dáadáa. Máàpù tí mo ti gbé sórí fóònù láti ilé kò sá. Wáyà àwọn olóko ò bá ààlà mu níbi púpọ̀, òun ló ń fi ojú ààlà gan-an hàn mí. Òru ni mo jáde, kò jẹ́ kí n ṣìnà. Ibẹ̀ náà ni mo ti pa akọ mi: orí rẹ̀ pupa, ó funfun, ó búlúù, ìdí tí ọlọ́dẹ tòlótòló kì í fi í wọ àwọ̀ mẹ́ta yẹn wọ igbó. Ìrùngbọ̀n rẹ̀, ìyẹ́ bí irun tó ń so láyà akọ, gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fẹ́nì kan jẹ, ṣùgbọ́n itan rẹ̀ le débi tí mo fi fún gbogbo àdúgbò.

Ó wá ku àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Láti òtẹ́ẹ̀lì ni mo ti kọ̀wé sí wọn. Ẹni àkọ́kọ́ ní àwọn mọ rírì mi, kí n pa fóònù kí n tún un tàn. Mo bi í bóyá òkú máa jí tí mo bá tún un tàn. Kò fèsì. Ẹnì kejì ní ó wà nínú àdéhùn tí mo fọwọ́ sí pé máàpù àwọn kì í ṣe ẹ̀rí níwájú òfin. Inú bí mi débi tí oúnjẹ ò gbà lọ́fun mi. Ṣé adájọ́ ni mo fẹ́ fi hàn ni? Ẹni tó ni mọ́tò ni mo fi hàn!

Obìnrin kan ló wá pè mí fúnra rẹ̀. Kò ka ìwé kankan sí mi létí. Ó ní kí n rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì gbọ́ ọ tán. Nígbà tí mo dé ibi bàbá olóògbé, ó ní "Áà, ẹ pẹ̀lẹ́." Ó ṣàlàyé pé inú ìwé owó orí ilẹ̀ ti káńtì (ìjọba ìbílẹ̀ wọn) ni orúkọ onílẹ̀ ti ń wá, ìwé yẹn sì ń pẹ́ kí wọ́n tó tún un kọ. Àwọ̀ ilẹ̀ ìrìnwọlé ní tirẹ̀, àwọn ni kò gbé ti ọdún yìí sórí rẹ̀, kò sì wá àwáwí. Ó yọ àwọ̀ náà lójú mi, bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló bi mí bí ìrùngbọ̀n ẹyẹ mi ṣe gùn tó. Òun náà ń ṣọdẹ wọn! Ó fẹ́ dá ìlàjì owó mi padà, mo ní gbogbo rẹ̀ ni mo ń fẹ́, ó ní òun máa bá ọ̀gá sọ ọ́.

Ẹ gba ìwé máàpù tí ìjọba Nebraska ń tẹ̀ lọ́dọọdún, ọ̀fẹ́ ni, ẹ fi í sínú mọ́tò. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún áàpù yìí títí owó mi yóò fi wọlé. Mo ti sanwó ọdún tó ń bọ̀ ṣá, torí Black Hills ní South Dakota ló kàn, mi ò sì mọ ibẹ̀.