Àwọn Ìbéèrè PISA Tó Wà Lọ́fẹ̀ẹ́: Bí Wọ́n Ṣe Rí Lọ́wọ́ Olùkọ́ Ìbàdàn

Ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ ní lẹ́sìnnì ní Ìbàdàn mọ ìbéèrè WAEC àtẹ̀yìnwá bí ẹni mowó, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ló mọ̀ pé OECD, ìyẹn àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lórí ọrọ̀ ajé, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Paris, máa ń gbé lára ìbéèrè ìdánwò PISA sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ọdún 2000 ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò náà fún àwọn ọmọ ọdún 15, nínú ìwé kíkà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọmọ lè lo ohun tó kọ́ nígbà tó bá dàgbà. Orílẹ̀-èdè àti agbègbè 81 ló kópa ní 2022, Singapore ló sì gba ipò kìn-ín-ní nínú iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀.

Mo tẹ díẹ̀ jáde fún àwọn ọmọ SS1 tí mo ń kọ́ ní Bódìjà. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti pizza: méjì ni wọ́n, wọ́n nípọn bákan náà, ìdábùú ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30, owó rẹ̀ sì jẹ́ zed 30, nígbà tí èkejì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40, tí owó rẹ̀ jẹ́ zed 40. (Zed kì í ṣe owó ìlú kankan.) Èwo ló sàn kéèyàn rà? Ọ̀pọ̀ nínú wọn fi 30 pín 30, wọ́n fi 40 pín 40, wọ́n ní bákan náà ni. Ìgbà tí ọmọbìnrin kan fi kọ́ńpáàsì ya méjèèjì sínú ìwé ni wọ́n tó rí i pé èyí tó tóbi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tó kéré, bẹ́ẹ̀ owó tó fi lé kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Àwọn ọmọ yìí kan náà lè ka πr², ìlànà tí a fi ń wá bí òbìrí ṣe fẹ̀ tó, lójú oorun. Kò kàn wá sí wọn lọ́kàn pé ó wúlò fún ọjà rírà ni.

Ìbéèrè ìwé kíkà kan tó jáde nínú ìdánwò 2000 dá lórí Adágún Chad tiwa níhìn-ín. Àtẹ kan wà níbẹ̀ tó ń fi bí omi adágún náà ṣe ń pọ̀ tó sì ń dín kù hàn, wọ́n sì béèrè ìdí tí ẹni tó yà á fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 11000 ṣáájú ìbí Kristi. Inú àlàyé kúkúrú tó bá àtẹ náà rìn ni ìdáhùn wà: adágún náà ti gbẹ tẹ́lẹ̀, ìgbà yẹn ló tún padà wá. Ọmọ tó bá fò ó kò lè rí i dá.

Àléébù wọn kò ṣàì sí. Láti 2015 ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà, nítorí náà àwọn ìbéèrè tuntun kan kò ṣe é tẹ̀ sórí ìwé, ìyẹn sì di ìṣòro nígbà tí kò bá sí iná. Bákan náà, ìdánwò wákàtí méjì kò lè sọ bóyá ọmọ yóò lè ná ọjà ní Gbági. Ẹ má sì san owó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ múra ọmọ yín sílẹ̀ fún PISA, nítorí orílẹ̀-èdè ni wọ́n ń fi í díwọ̀n, wọn kì í fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní èsì.

Síbẹ̀, owó ìtẹ̀wé nìkan ló ná mi, mo sì gba olùkọ́ SS1 nímọ̀ràn pé kó lò wọ́n. Ẹ fi ti ìṣirò bẹ̀rẹ̀; àwọn àyọkà gígùn inú ti ìwé kíkà lè dúró di SS2.