Lọ́yà tó gba kéèsì ọkọ̀ mi ní Houston, àti bíìlì kan ṣoṣo tó dá gbogbo nǹkan dúró

Mo ti ní mo máa kọ èyí tí kéèsì náà bá parí, ó sì ti parí, ṣẹ́ẹ̀kì ti wọlé. Àwa tá a wà ní Houston níbí, tí wọ́n bá ti gbá ọkọ̀ wa báyìí, ohun tá a kọ́kọ́ máa ń bi ara wa ni pé lọ́yà wo ló ń gba owó ńlá. Èmi náà béèrè bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kí n béèrè ni pé, ta ló ń lé bíìlì ní ọ́fíìsì yẹn?

October 2023 ni, mo ń bọ̀ láti iṣẹ́ òru, mo dúró sí tráfíìkì láìtì ní Bissonnet, ọkọ̀ kan sì rọ́ lù mí látẹ̀yìn. Ọrùn mi ò ṣe é yí mọ́, áńbúláǹsì gbé mi lọ sí ẹmájẹ́ńsì, wọ́n ya CT fún mi, wọ́n fún mi lóògùn, kó tó di ìrọ̀lẹ́ mo ti wà nílé. Bíi wákàtí mẹ́fà ni gbogbo ẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ o, wákàtí mẹ́fà yẹn, bíìlì mẹ́rin ló bí. Ọsibítù ní tiẹ̀. Dókítà tó yẹ̀ mí wò ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, torí pé ilé iṣẹ́ mìíràn ló ń bá ṣiṣẹ́, kì í ṣe ọsibítù. Dókítà tó ka àwòrán CT, tí mi ò fojú kàn rí, òun náà ní tiẹ̀. Áńbúláǹsì náà ní tiẹ̀. Èmi rò pé tí ti ọsibítù bá ti dé, ó tán nìyẹn. Mẹ́ta dé kí ọdún tuntun tó wọ̀ dáadáa, ti dókítà tó ka CT ni kò dé. February kò dé, March kò dé.

Ẹ lè ní kí ló wá kàn mí tí wọn ò bá béèrè owó wọn. Ó kàn mí gan-an. Lọ́yà ò lè kọ lẹ́tà tó fi ń béèrè owó lọ́wọ́ ìnṣọ́ránsì ẹni tó gbá mi láìjẹ́ pé gbogbo iye tá a ná ti pé, torí tí mo bá ti fọwọ́ sí ìwé pé mo gba owó, bíìlì tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn, èmi ni mo ni ín. Ní Texas sì rèé, iye tí wọ́n kọ gàdàgbà sórí bíìlì kọ́ ni òfin ń wò, iye tí wọ́n san gan-an tàbí tó ṣì wà lọ́rùn èèyàn ni. Ìyẹn ni pé ìwé méjì ni lọ́yà nílò: itemized bill tó to gbogbo nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, àti àkọsílẹ̀ iye tí ìnṣọ́ránsì ìlera yín san àti iye tí wọ́n gé kúrò.

Ní ti ọ́fíìsì lọ́yà, màá sọ òótọ́. Oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ ò dáa rárá. Ẹni tí wọ́n gbé fáìlì mi fún kúrò níṣẹ́, wọn ò sọ fún mi, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń fi fax ránṣẹ́, tí mo bá pè wọ́n á ní "a ṣì ń retí wọn". Mo parí ìtọ́jú ọrùn mi ní February, ọrùn ti ń yí, kéèsì ò yí.

April ni wọ́n gbé e fún obìnrin kan tí mo máa máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ títí. Ọjọ́ tó gba fáìlì náà ló pe àwọn tó ń kọ bíìlì fún dókítà yẹn, ó fi èmi náà sórí ìlà, a jọ dúró nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Nǹkan méjì la bá níbẹ̀. Àkọ́kọ́, wọ́n fi orúkọ bàbá mi ṣe orúkọ mi, wọ́n fi orúkọ mi ṣe orúkọ bàbá, wọ́n tún ṣi lẹ́tà kan kọ, torí náà gbogbo fax tí lọ́yà ń fi ránṣẹ́, wọ́n á wò ó, wọ́n á ní àwọn ò mọ ẹni náà. Àwa tá a ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wo báńdì tí wọ́n fi sí yín lọ́rùn ọwọ́ ní ẹmájẹ́ńsì dáadáa. Ìkejì, ìnṣọ́ránsì ìlera mi ti kọ lẹ́tà sí mi tipẹ́ pé ṣé jàǹbá ọkọ̀ ni, ta ló jẹ̀bi, ṣé ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ kan wà tó yẹ kó san. Mo rò pé ìpolówó ni, mo sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Tí èèyàn ò bá dá a lóhùn, wọ́n lè má san, owó á kàn dúró síbẹ̀.

Obìnrin náà wá ní kí èmi fúnra mi béèrè bíìlì náà. Òfin HIPAA, ìyẹn òfin Amẹ́ríkà lórí àkọsílẹ̀ ìlera, fún aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti gba àkọsílẹ̀ tiẹ̀, ti owó náà wà nínú ẹ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n ní, wọ́n lè fi ọgbọ̀n mìíràn kún un lẹ́ẹ̀kan péré tí wọ́n bá kọ̀wé sọ ìdí. Lẹ́tà tí lọ́yà bá kọ fúnra ẹ̀ kì í ní agbára kan náà. Mo kọ ọ́, mo fi orúkọ mi méjèèjì sí i bó ṣe yẹ àti bí wọ́n ṣe ṣì í kọ. Ọjọ́ kọkàndínlógún ló dé. Dọ́là 486! Dọ́là 486 ló ti ń dá wa dúró ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn.

Ó tún sọ ohun kan tí mi ò gbọ́ rí: òfin Texas ní kí ọsibítù tàbí dókítà fi bíìlì ránṣẹ́ kó tó kọjá ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá tá a bá kà lẹ́yìn tí wọ́n tọ́jú èèyàn (kì í ṣe November o). Tí wọ́n bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, owó tí ìnṣọ́ránsì ìlera yín ì bá ti san ká ní wọ́n tètè ṣe é, wọn ò lè gbà á lọ́wọ́ yín mọ́. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà tó fi ránṣẹ́ sí wọn, mo sì gbà pé ó wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n ta kìjí.

Ẹ tún wo ìwé ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ yín bóyá PIP wà níbẹ̀, ìyẹn apá tó ń san owó ìtọ́jú yín láìka ẹni tó jẹ̀bi sí. Ní Texas wọ́n gbọ́dọ̀ fi lọ̀ yín, ó kéré tán dọ́là 2,500, àfi tẹ́ ẹ bá kọ̀ ọ́ nínú ìwé. Èmi ti fọwọ́ sí i pé mi ò fẹ́, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo ń fọwọ́ sí. Ó dùn mí, torí pé owó yẹn ì bá ti san ti áńbúláǹsì láìdúró de ẹnikẹ́ni.

July 2024 ni lẹ́tà tí lọ́yà fi béèrè owó jáde, September la parí. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni lọ́yà mú bá a ṣe ṣàdéhùn, torí a ò dé kóòtù. Ọdún méjì ni òfin fún wa láti pẹjọ́, a ò tiẹ̀ sún mọ́ ọn.

Mo fún wọn ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹyọ kan tí mo yọ, ti oṣù tí wọn ò fi sọ fún mi pé ẹni tó ń ṣe fáìlì mi ti lọ ni. Mẹ́rin yòókù, ti obìnrin yẹn ni. Wọ́n gbá ọkọ̀ àbúrò mi náà lóṣù tó kọjá, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo mú un lọ. Lẹ́tà ìnṣọ́ránsì yẹn dé ilé ẹ̀ lọ́jọ́ Tuesday, ó pè mí kó tó ṣí i, a jọ dáhùn gbogbo ìbéèrè ibẹ̀ lórí fóònù, ó sì ti fi í ránṣẹ́ padà.